Ibi Tí Òfin Ń Gbé Ló Ń Kú Sí

Kí Aláàfin Àtìbà tó wàjà ní 1859, ó ti pinnu pé òfin kan ní Ọ̀yọ́ gbọ́dọ̀ ṣáájú òun lọ. Òfin náà sọ pé bí ọba bá wàjà, Àrẹ̀mọ, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, ní láti bá a kú. Samuel Johnson, àlùfáà tó parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, ṣàlàyé pé kò rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀. Láyé àwọn ọba ìṣáájú, ọmọ a máa gorí ìtẹ́ bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n Àrẹ̀mọ kì í jókòó lásán nígbà tí bàbá rẹ̀ bá ń jọba. Wọ́n jọ ń lo agbára ni, ó sì ṣòro kí ẹnikẹ́ni tó lè mú un. Nígbà tí ìwà ìkà àwọn Àrẹ̀mọ kan sú ìlú, tí ìfura sì wà pé ọmọ tó ń kánjú lè ti bàbá rẹ̀ sọ́run, wọ́n fi lélẹ̀ pé ẹni tó bá ọba jẹ ayé ni yóò bá ọba kúrò láyé. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní àṣà ìwáṣẹ̀ nígbà ayé Àtìbà jẹ́ òfin tí àwọn àgbà kan gbé kalẹ̀ nítorí ìṣòro kan pàtó. Ohun tí èèyàn dì, èèyàn lè tú u. Ìbéèrè tó kù ni pé ta ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti tú u, ọ̀nà wo ni yóò sì gbà.

Àtìbà kò fi ìwàǹwára ṣe é. Ọ̀yọ́ tirẹ̀ kì í ṣe Ọ̀yọ́ Ilé mọ́; ogun Fúlàní ti tú ìyẹn, Àgọ́ Ọ̀jà ló sọ di Ọ̀yọ́ tuntun, agbára ogun sì ti bọ́ sọ́wọ́ Ìbàdàn àti Ìjàyè. Òun fúnra rẹ̀ ló fi Olúyọ̀lé ti Ìbàdàn jẹ Baṣọ̀run, òun náà ló fi Kúrunmí ti Ìjàyè jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Nígbà tó fẹ́ kí Adélù, Àrẹ̀mọ rẹ̀, wà láàyè kó sì jọba, ó mọ̀ pé àṣẹ inú ààfin nìkan kò tó, ó sì ránṣẹ́ sí àwọn olórí ogun ìlú méjèèjì kí wọ́n lè fọwọ́ sí i. Ìbàdàn gbà. Kúrunmí kọ̀. Àtìbà wàjà, wọ́n fi Adélù jọba, Kúrunmí sì ní òun kò mọ̀ ọ́n lọ́ba, nítorí ẹni tó yẹ kó ti bá bàbá rẹ̀ lọ kò lè máa pàṣẹ fún òun. Ní 1860 ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ìbàdàn àti Ìjàyè, àwọn Ẹ̀gbá dìde láti gbèjà Ìjàyè, Kúrunmí kú ní 1861 lẹ́yìn tí ogun ti gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, Ìjàyè sì fọ́ ní 1862. Ìlú náà kò padà di ìlú ńlá bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́.

Òpìtàn lè sọ pé ìjà agbára ni èyí, pé òfin Àrẹ̀mọ kàn jẹ́ àwáwí. Ẹ̀rí wà fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí Ìbàdàn àti Ìjàyè ti ń du ipò olórí láàrin àwọn Yorùbá ìhà Ọ̀yọ́, Johnson alára sì sọ pé ogún obìnrin ọlọ́rọ̀ kan tó kú ní Ìjànà láìní àrólé wà lára ohun tó dá ìjà sílẹ̀, torí ti Aláàfin ni irú ogún bẹ́ẹ̀, Kúrunmí náà sì na ọwọ́ sí i. Mo gba gbogbo èyí. Síbẹ̀, ẹni tó ń du agbára nílò ọ̀rọ̀ tí yóò wọ àwọn ẹlòmíràn létí, ọ̀rọ̀ tí Kúrunmí sì rí lò ni pé wọ́n fagi lé òfin ilẹ̀ láìjẹ́ pé gbogbo àwọn tó ń gbé e ró ló jọ fagi lé e. Ká ní kò sí ẹni tó ka òfin náà sí mọ́ nílẹ̀ Ọ̀yọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ì bá má wúlò fún un. Ó wúlò nítorí pé òfin náà kò tíì kú. Àtìbà ti lé e kúrò láàfin, àwọn ìjòyè Ìbàdàn ti lé e kúrò ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ó ṣì wà láàyè ní Ìjàyè, lọ́dọ̀ àwọn tó gbà pé Kakaǹfò ló ń sọ òdodo. Ẹ̀yìn ogun ló tó kú, nígbà tí kò sí ẹni tó lágbára tó láti bèèrè rẹ̀ mọ́. Adélù jọba títí di nǹkan bí 1876, Adéyẹmí Kìíní, ọmọ Àtìbà bíi tirẹ̀, sì gorí ìtẹ́ tẹ̀ lé e láìsí ẹni tó tún gbé ogun dìde lórí ọ̀rọ̀ Àrẹ̀mọ.

Ohun tí mo rí kà nínú ọ̀rọ̀ yìí, tí mo sì tún rí nínú ìtàn àwọn ilẹ̀ tó jìnnà sí Ọ̀yọ́, ni pé ibi tí òfin ń gbé ló ń kú sí. Òfin tó ń gbé lẹ́nu àti nínú ìṣe àwọn èèyàn, àwọn èèyàn náà ló lè pa á, kò sì sí àṣẹ tó lè ṣe é fún wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Òfin tó ń gbé nínú ìwé, inú ìwé ló gbọ́dọ̀ kú sí, bí gbogbo ayé tilẹ̀ ti gbàgbé rẹ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀nà ti ọ̀kan bá èkejì lò yóò rò pé òun ti parí iṣẹ́, títí di ọjọ́ tí òfin tó rò pé ó ti kú bá dìde.

Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ dé bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1817. Wọ́n bá òkú ọ̀dọ́bìnrin kan, Mary Ashford, nínú kòtò omi ní Erdington lẹ́gbẹ̀ẹ́ Birmingham. Wọ́n mú Abraham Thornton, wọ́n ṣẹjọ́ rẹ̀, ilé ẹjọ́ sì dá a sílẹ̀. Òfin àtijọ́ kan fàyè gba mọ̀lẹ́bí òkú láti fúnra rẹ̀ tún pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́ ìpànìyàn, William Ashford, ọmọ ìyá olóògbé, sì lo àyè náà. Ní November ọdún yẹn, níwájú àwọn adájọ́ kóòtù King's Bench ní Lọ́ńdọ̀nù, Thornton ju ìbọ̀wọ́ kan sílẹ̀, ó ní òun ti ṣe tán láti jà kí ìjà náà lè fi hàn pé ọwọ́ òun mọ́. Òfin nìyẹn náà, láti ayé àwọn Norman: ẹni tí wọ́n bá pè lẹ́jọ́ lọ́nà yìí lè ní kí olùpẹ̀jọ́ wá bá òun wọ̀yá ìjà, Ọlọ́run yóò sì fi ẹni tó jàre hàn. Kò sí alààyè kankan tó rántí ìgbà tí wọ́n lò ó gbẹ̀yìn. Ẹnu àwọn èèyàn ti sé mọ́ ọn, ìṣe wọn ti kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ló ń gbé. Inú àkọsílẹ̀ àwọn adájọ́ ló wà. Ní April 1818, Lord Ellenborough, olórí àwọn adájọ́ náà, sọ pé òfin ilẹ̀ ni síbẹ̀, àti pé kóòtù kò lè sọ ọ́ di ohun mìíràn. Ashford kò lè bá Thornton jà. Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn, Thornton sì ń lọ sílé rẹ̀. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀ báyìí ni Pálámẹ́ǹtì tó jókòó ní 1819, tí wọ́n fi òfin tuntun wọ́gi lé ìpẹ̀jọ́ mọ̀lẹ́bí òkú àti ìdájọ́ nípa ìjà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀rọ̀ yìí ì bá ya ará Róòmù àtijọ́ lẹ́nu. Julianus, ọ̀kan nínú àwọn amòfin wọn tó lókìkí jù ní ọ̀rúndún kejì, kọ ọ́ pé ohun tó ń fún òfin lágbára ni pé àwọn ará ìlú fẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá ti fi ìṣe wọn hàn pé wọn kò fẹ́ ẹ mọ́, tí gbogbo wọn jọ dákẹ́ tí wọn kò lò ó, wọ́n ti fagi lé e, kò yàtọ̀ sí pé wọ́n dìbò. Ọba Justinian kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú àkójọ òfin tó gbé jáde ní 533, láti ibẹ̀ ló sì ti dé ọ̀dọ̀ àwọn amòfin Yúróòpù. Ní Scotland, tí òfin rẹ̀ mu nínú odò Róòmù ju ti England lọ, òfin tí Pálámẹ́ǹtì ilẹ̀ wọn àtijọ́ ṣe kí wọ́n tó so pọ̀ mọ́ England ní 1707 lè kú nípa pé a kò lò ó mọ́, bí ó bá ti pẹ́ tó, tí ìṣe àwọn èèyàn sì ti lòdì sí i pátápátá. England kò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Lójú adájọ́ tiwọn, òfin tí Pálámẹ́ǹtì ṣe ní ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún sẹ́yìn jẹ́ òfin lónìí, àfi bí Pálámẹ́ǹtì bá mú un kúrò. Ìdí nìyẹn tí gbígbá irú àwọn òfin bẹ́ẹ̀ dànù fi jẹ́ ọ̀kan nínú iṣẹ́ ìgbìmọ̀ Law Commission tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1965.

Àwọn kan sì wà tó gbìyànjú láti ṣe òfin tí kò ní í kú rárá. Demosthenes sọ fún àwọn adájọ́ Áténì nípa ìlú Locri, níbi tí ẹni tó bá fẹ́ dá àbá òfin tuntun ti gbọ́dọ̀ fi okùn sọ́rùn wá. Bí àbá rẹ̀ bá wọlé, ó bọ́ okùn, bí kò bá wọlé, wọ́n fún un lọ́rùn pa. Nínú ìtàn Ẹ́sítérì tí àwọn onígbàgbọ́ wa mọ̀ dáadáa, ọba Páṣíà kò lè gba ìwé tí ó ti fi òrùka rẹ̀ tẹ̀ padà, kódà nígbà tó rí i pé ẹ̀tàn ni wọ́n fi gba àṣẹ ìpakúpa náà lọ́wọ́ òun. Ohun tó lè ṣe ni kí ó tún kọ ìwé mìíràn tó fún àwọn Júù láyè láti gbèjà ara wọn. Ìwé méjì wá dojú kọ ara wọn lọ́jọ́ kan náà, àwọn èèyàn sì ń kú láàrin wọn. Bí ìtàn náà bá kọ́ wa ní nǹkan kan nípa òfin, ohun náà ni pé ilẹ̀ tí kò ní ọ̀nà láti pa òfin rẹ́ yóò máa fi ẹ̀jẹ̀ dí àlàfo rẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ lọ́jú pọ̀ nígbà tí adájọ́ tó ń ka ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹjọ́ lórí òfin tó ń gbé lẹ́nu. Òfin ilé ẹjọ́ gíga tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ ní 1876 fún Gold Coast àti Èkó sọ pé kóòtù yóò máa tẹ̀ lé òfin ìbílẹ̀, bí kò bá ti ta ko ẹ̀tọ́ àti ẹ̀rí ọkàn rere. Ta ló ń wọn ẹ̀rí ọkàn náà? Adájọ́ tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá ni. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀nà tuntun ti ṣí láti fagi lé àṣà: èèyàn kan ṣoṣo, nínú iyàrá kan, pẹ̀lú bíírò. Síbẹ̀ àwọn tó gbọ́n nínú àwọn adájọ́ náà rí i pé agbára yìí ní ààlà. Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole tó wáyé ní Èkó ní 1908 sí 1909, Adájọ́ Osborne sọ pé àṣà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kì í dúró sójú kan, ó máa ń bá ìgbà yí láìsọ ara rẹ̀ nù. Nítorí náà àṣà tí kóòtù gbọ́dọ̀ wá ni èyí tí àwọn èèyàn ń tẹ̀ lé lọ́wọ́lọ́wọ́, kì í ṣe ti ayé àwọn baba ńlá wọn. Èyí tó tún wọ̀ mí lára jù ni ẹjọ́ Èṣùgbàyí Elékò, ọba Èkó. Ìjọba ti rọ̀ ọ́ lóyè, wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́ ní 1925, ẹjọ́ náà sì gòkè dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìjọba ní òfin ìbílẹ̀ fàyè gba kí wọ́n lé ọba tí wọ́n rọ̀ lóyè kúrò nílùú. Ọ̀rọ̀ wọ inú bóyá àṣà kan tó le, tí ó ń pa irú ọba bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́, ti rọ̀ di lílé kúrò nílùú. Ní 1931 Lord Atkin dáhùn pé bí àṣà bá burú, kóòtù lè kọ̀ láti lò ó, ṣùgbọ́n kóòtù kò lè fúnra rẹ̀ rọ ọ́ di àṣà mìíràn tó dùn-ún gbọ́. Àwọn ará ìlú tí àṣà náà jẹ́ tiwọn nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìfọwọ́sí wọn ló sọ ọ́ di òfin. Elékò padà wálé lọ́dún náà. Adájọ́ ilẹ̀ òkèèrè ló sọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ Àtìbà àti Kúrunmí, ẹ ó rí i pé àlàyé kan náà ni.

Ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ ni pé òfin wa lónìí ti ń gbàgbé rẹ̀. Òfin ẹ̀rí ti 2011 ní Nàìjíríà sọ pé bí ilé ẹjọ́ gíga kan bá ti dájọ́ lórí àṣà kan lẹ́ẹ̀kan péré, kóòtù lè gbà pé àṣà náà wà láìbéèrè ẹ̀rí mọ́. Lẹ́ẹ̀kan péré! Àṣà tó ń gbé lẹ́nu àwọn èèyàn ti ṣí lọ sínú ìwé nìyẹn láìjẹ́ pé wọ́n bi wọ́n, wọ́n lè ti pa á tì nílé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ìwé yóò ṣì máa sọ pé ó wà. Òdìkejì rẹ̀ náà sì ń ṣẹlẹ̀. Ní 2014, nínú ẹjọ́ Ukeje, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé àṣà Ìgbò tí kò jẹ́ kí ọmọbìnrin pín nínú ogún bàbá rẹ̀ ta ko ìwé òfin orílẹ̀-èdè, wọ́n sì fagi lé e. Ìdájọ́ òdodo ni, mo sì fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ẹbí tó ń pín ogún lábẹ́ igi ọsàn kò ka ìwé ìdájọ́ kí wọ́n tó jókòó. Àṣà náà kú nínú kóòtù. Nínú ilé, ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà, àlùfáà àti ìyá ọmọ bá sọ ni yóò pa á, iṣẹ́ ìyẹn sì pẹ́ ju ti adájọ́ lọ.

Ẹni tó bá ti ń bá mi bọ̀ lè bèèrè pé kí ló dé tí ìwé kò fi lè kẹ́kọ̀ọ́ lára ẹnu. Kí ló burú nínú ti Julianus? Bí gbogbo ìlú bá ti pa òfin kan tì, kí òfin náà kú, kí a má sì jẹ́ kí Thornton mìíràn wá ju ìbọ̀wọ́ sílẹ̀ níwájú wa. Ìbéèrè tó lágbára ni, ó sì pẹ́ kí n tó rí ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn. Brazil ló fún mi.

Ní ọjọ́ 7 oṣù November 1831, nítorí àdéhùn tí ìjọba Brazil ti bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe, wọ́n ṣòfin pé ẹrú èyíkéyìí tó bá ti òkèèrè wọ ilẹ̀ Brazil láti ọjọ́ náà lọ ti di òmìnira, àyàfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò rújú. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn olówó oko kọfí àti ìrèké ń ra ẹrú bí ẹni pé kò sí òfin, àwọn olóyè etí òkun ń gba owó wọ́n sì ń wo ibòmíràn. Àwọn Áfíríkà tí wọ́n kó wọ ibẹ̀ lẹ́yìn 1831 ju 500,000 lọ. Àwọn èèyàn wa pọ̀ nínú wọn, torí ogun tó tú Ọ̀yọ́ Ilé àti àwọn ogun tó tẹ̀ lé e ló ń rọ́ ọmọ Yorùbá sọ́wọ́ oníṣòwò ẹrú ní etí òkun. Ní Bahia, Nagô ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn olówó ẹrú mọ̀ pé òfin náà léwu fún wọn. Ní 1837 wọ́n gbé àbá wọ ilé aṣòfin láti wọ́gi lé e, Sẹ́nétì sì gbà á, ṣùgbọ́n ilé kejì kò parí rẹ̀. Wọ́n tún gbìyànjú ní 1848, kò bọ́ sí i, nítorí pé ojú Gẹ̀ẹ́sì wà lára wọn. Nígbà tí òfin tuntun dé ní 1850 tó dá òwò ẹrú orí omi dúró lóòótọ́, ti 1831 ṣì wà nínú ìwé bí idà nínú àkọ̀, láìsí ẹni tó yọ ọ́.

Luiz Gama ló yọ ọ́. Wọ́n bí i ní Salvador, ní Bahia, ní 1830. Gẹ́gẹ́ bí ó ti kọ ọ́ fúnra rẹ̀, Nagô tó ti gba òmìnira ni ìyá rẹ̀, Luísa Mahin. Bàbá rẹ̀, tó wá láti ìdílé tí orísun rẹ̀ jẹ́ Potogí, ló tà á sí oko ẹrú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Ó ti di ọ̀dọ́mọkùnrin kó tó mọ̀wé, ó wá ẹ̀rí láti fi gba òmìnira ara rẹ̀, ó sì di agbẹjọ́rò ní São Paulo láì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ òfin. Ohun tó ń sọ fún àwọn adájọ́ rọrùn: òfin 1831 wà, ẹnikẹ́ni kò fagi lé e, ọkùnrin tó dúró níwájú yín yìí wọ Brazil lẹ́yìn ọjọ́ náà, nítorí náà kò tíì di ẹrú rí lábẹ́ òfin, jíjí ni wọ́n jí i gbé. Àwọn olówó ẹrú fèsì pé òfin 1850 ti gba ipò òfin àtijọ́ yẹn, pé kò sí ẹni tó ń lò ó mọ́. Nígbà tí Gama fi kú ní 1882, àwọn tó ti gbà sílẹ̀ ju 500 lọ. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní ọjọ́ 13 oṣù May 1888, ni òfin tó fòpin sí oko ẹrú ní Brazil tó jáde. Abala méjì péré ló ní: èkíní sọ pé oko ẹrú parí, èkejì sọ pé gbogbo òfin tó bá ta ko èyí ti di fífagi lé.

Ohun tí Gama fi hàn mí nìyí. Tí ó bá jẹ́ òfin Julianus ni wọ́n ń lò ní Brazil, òfin 1831 ì bá ti kú, nítorí pé gbogbo ìlú ló pa á tì. Ṣùgbọ́n ta ni gbogbo ìlú? Àwọn tó dákẹ́ ni àwọn tó ń jẹ èrè rẹ̀. Àwọn tí òfin náà wà fún, àwọn tó wà nínú oko ìrèké ní Bahia àti oko kọfí ní São Paulo, kò dákẹ́. Kò sí ẹni tó fún wọn lẹ́nu ni. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí amòfin Róòmù kà sí ìbò jẹ́ ìbò tí àwọn alágbára nìkan dì. Ìdí tí mo fi gbà pé òfin inú ìwé gbọ́dọ̀ kú ní gbangba nìyẹn, pẹ̀lú orúkọ àwọn tó pa á, kí ẹni tó ń dáàbò bò lè mọ ọjọ́ tó pàdánù rẹ̀. Bákan náà ni ìbéèrè yìí ṣe kan Ọ̀yọ́. Nígbà tí wọ́n ń sọ pé gbogbo ìlú ló gba òfin Àrẹ̀mọ, wọn kò ka Àrẹ̀mọ mọ́ ìlú. Mo bọ̀wọ̀ fún Kúrunmí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí dé ikú, ṣùgbọ́n Àtìbà ló rí ohun tó yẹ kí òfin rí, pé ẹni tí òfin yóò pa náà wà lára àwọn tí a gbọ́dọ̀ bi.

Kíkọ ikú òfin sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ewu tirẹ̀ o. Ní England títí di 1850, bí Pálámẹ́ǹtì bá fagi lé òfin kan, tí wọ́n sì tún fagi lé òfin tó fagi lé e, ti àkọ́kọ́ jí dìde láìsí ẹni tó pè é. Òfin ọdún yẹn ló fòpin sí i. Tiwa ní Nàìjíríà ti gbọ́n látinú èyí: òfin ìtumọ̀ òfin wa sọ pé fífagi lé òfin kan kì í jí èyí tó ti kú ṣáájú, kì í sì í gba ẹ̀tọ́ tí ẹnìkan ti ní lábẹ́ òfin náà. Ìjọba ológun sì kọ́ wa ní ohun mìíràn, pé ọwọ́ tó ń fagi lé òfin tàbí tó ń ṣe é gbọ́dọ̀ ṣì ní àṣẹ ní ìṣẹ́jú tó ń ṣe é. Ní ọjọ́ 10 oṣù November 1993, Adájọ́ Dọlápọ̀ Akínsànyà ti ilé ẹjọ́ gíga Èkó sọ pé Dikírì 61, tí Ọ̀gágun Babangida fi gbé ìjọba fìdíhẹ kalẹ̀, kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, nítorí pé dikírì mìíràn tí òun fúnra rẹ̀ ti fọwọ́ sí ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i. Ọjọ́ méje lẹ́yìn náà ni Abacha gbàjọba, àwọn kan sì ń sọ pé ìdájọ́ náà kò já mọ́ nǹkan kan. Èmi kò gbà. Ìjọba tó ń fi ìwé ṣe aṣọ bora ni obìnrin yẹn bọ́ aṣọ lára rẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé e kò rí ìwé kankan fi bora mọ́, ìbọn nìkan ló ní.

Níbi tí ọ̀rọ̀ wa ti kù díẹ̀ káàtó ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí adájọ́ bá ti sọ̀rọ̀. Ìjọba amúnisìn ló kọ́kọ́ ṣe òfin ọ̀rọ̀ ìdìtẹ̀ sí ìjọba, wọ́n sì fi í mú àwọn oníwèé ìròyìn tó ń bu ẹnu àtẹ́ lù wọ́n. Ó wà ní abala 50 sí 52 nínú òfin ìwà ọ̀daràn. Nínú ẹjọ́ Arthur Nwankwo, ẹni tó kọ ìwé tako gómìnà ìpínlẹ̀ rẹ̀, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní Enugu sọ pé òfin náà ta ko òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ tó wà nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè 1979, pé kò yẹ ilẹ̀ tó ti gba òmìnira. Adájọ́ ti pa á. Ṣùgbọ́n adájọ́ kò ní bíírò tí a fi ń ya ojú ewé kúrò nínú ìwé òfin. Ilé aṣòfin ló ni ín. Nígbà tí wọ́n kó àwọn òfin àpapọ̀ Nàìjíríà jọ tí wọ́n tún wọn tẹ̀ ní 1990, abala mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún kó wọn jọ ní 2004, wọ́n ṣì wà níbẹ̀, ọlọ́pàá tó bá sì ṣí ìwé náà yóò kà wọ́n gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wà ṣáájú ìdájọ́ náà.